Bísímílà Lórí Ìwé Kejìlá

"Ẹ má kọ orúkọ yín sí i o," Ràhámátù wí bó ṣe ń pín ìwé ìbéèrè fún wọn. "Ohun tó wà nínú yín gan-an ni kí ẹ kọ."

"Ràhámá, àwa rò pé iyán lo gbé bọ̀, àṣé ìwé ni!" Tìjání pariwo.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ máńgòrò. Ọmọ yunifásítì méjìdínlógún ni wọ́n, tí wọ́n wá lo ọlidé ní Kambolé. Àlàsàn, ẹ̀gbọ́n Ràhámátù tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ló pè wọ́n jọ fún un.

"Ẹ dá àbúrò mi lóhùn dáadáa," ó wí, òun náà sì mú ìwé kan. "Iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ohun tí ìwé náà ń béèrè ti dé bá Ràhámátù fúnra rẹ̀. Lóṣù kẹta, ó lọ yá ìwé lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní Komah, ní Sokodé. Ọmọkùnrin náà tilẹ̀kùn, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Bí a kò bá rí ẹni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là á rí. Àlàsàn ni Ràhámátù fẹ́ fẹ̀yìn tì. Lọ́la, wọn yóò jọ gun alùpùpù lọ sí Tchamba. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́, níbi tí kò ti ní í rí ojú òun, kí wọ́n lè jọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó jókòó sí yàrá, ó ń ka ìwé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkejìlá dá a dúró. Ẹni tó kọ ọ́ kọ bísímílà sórí rẹ̀ ní lárúbáwá, bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣe kí bíírò tó kan ìwé. Ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn ká bí ọkọ́ tó ti tẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ẹni méjì péré ló kù tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: òun, àti Àlàsàn.

Nísàlẹ̀, níbi tí ìwé náà ti béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní yàrá ọkùnrin lọ fẹjọ́ sùn, ìdáhùn náà nìyí: "Ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ìkookò, kí ló ń ké fún?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú kì í rí nǹkan kó ṣẹ̀jẹ̀. Ó dá ìwé náà padà sáàárín àwọn ìyókù.

Láàárọ̀, Àlàsàn ti ṣáná sí alùpùpù. "Ràhámá, máa bọ̀! Ṣebí o ní ọ̀rọ̀ kan wà tó o fẹ́ bá mi sọ lọ́nà?"

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́."

Iṣu ti jinná lórí iná ìyá wọn. Ràhámátù fa odó mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.