Apá Ibi Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Kàn

Gírrr! Bí ẹsẹ̀ géètì onípáànù bá ti ha ilẹ̀ báyìí, ohùn ìyàwó rẹ̀ á ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Mọ́ládé!" Gìtá tó ń dún nínú yàrá ẹ̀yìn á sì pa lọ́lọ́. Ohun tó ń dún létí Tíṣà Ládòkun nìyẹn níbi tó jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù Ràsáàkì káfíńtà, lójú ọ̀nà Ògbòòrò ní Ṣakí. Gìtá náà kò sì dún mọ́ láti ọdún méje, ìyàwó tó ń kí i káàbọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

"Tíṣà, ẹ bá mi di ọrùn ẹ̀ mú, sà," Ràsáàkì wí.

Gìtá náà nà gbalaja lórí tábìlì iṣẹ́. Ike dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀, kí èékánná má baà máa ha igi, ti ká kò bí awọ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn. Ọyẹ́ Òkè-Ògùn kì í wo ojú ike. Ẹni tó bá lo ìgbà ọyẹ́ kan péré ní Ṣakí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa la ètè, a máa la ilẹ̀kùn, síbẹ̀ bí ènìyàn bá jìnnà sí i pẹ́, òórùn eruku ọ̀hún á tún máa wù ú.

Ràsáàkì ti fi áyọ́ọ̀nù mú ike náà gbóná. Ó wá ki òwú òfì tó lágbára sábẹ́ rẹ̀, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi okùn gé ọṣẹ. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é.

"Ẹ máa wò ó báyẹn, sà. Ọwọ́ tí ẹ fi rúlà nà ní kíláàsì kẹta náà ni. Kò gbọ́."

"Ràsáàkì, o ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí láéláé?"

"Èmi ti gbàgbé, sà. Ọwọ́ ọ̀hún ni ò gbàgbé."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Aago ló ń wò. Bí aago mẹ́rin bá lù, Mọ́ládé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á yà gbé gìtá náà, á sì bá ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Àdúràgbèmí. Lọ́sàn-án ọ̀la, Àdúràgbèmí á gba Èkó lọ, láti ibẹ̀ sì ni Kánádà. Ẹnu Mọ́ládé ni Tíṣà ti gbọ́ ọ. Ọdún méje rèé tí òun àti ọmọkùnrin náà kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù, Tíṣà kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ó rò ó títí, ó ní bí òun bá tún gìtá náà ṣe, tí òun fi ránṣẹ́, gìtá á bá òun sọ ohun tí ẹnu òun kò lè sọ. Mọ́ládé sì ti dá a lóhùn láàárọ̀: "Bàbá mi, gìtá kì í bẹ ènìyàn."

Ike náà ṣí. Ràsáàkì gbé gìtá síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Tíṣà, ọmọ yín tó ń ta á, ọwọ́ wo ló ń lò?"

"Ọ̀tún. Ọwọ́ wo ló tún kù?"

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ọ̀tún. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ike wà, ó ń dán, èékánná ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ wá wo òdìkejì ihò."

Tíṣà fi gíláàsì sójú. Ní òdìkejì, kíkun ara igi ti bó dànù. Ìlà lórí ìlà ni, bí àgbàlá tí ìgbálẹ̀ ń gbá lójoojúmọ́. Ibòmíràn tilẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ńṣe ló ń yí i padà," Ràsáàkì wí. Ó gbé gìtá náà sáyà, ọrùn rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ju ọwọ́ òsì sílẹ̀ lórí okùn. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí àwọn ìlà náà gẹ́lẹ́. "Bí èmi náà ṣe máa gbé e nìyí. Ẹ wò ó. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ nìyí, sà, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan."

Tíṣà jókòó padà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àdúràgbèmí nígbà tó ká a mọ́ ibi tó ti ń fi òsì ta gìtá náà. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá fẹ́ fi yin Ọlọ́run?" Ó mú ọ̀já ìyá ọmọ náà, ó so ọwọ́ òsì náà mọ́ ọmọ níbàdí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń rí.

Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé orin tó ń gbọ́ láti ẹnu géètì a máa dùn bí oyin, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìka rẹ̀ á le gbagidi. Tíṣà gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Lọ́jọ́ ìkórè, tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, orin dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin ń fi ìwé orin bojú rẹ́rìn-ín. Tíṣà dìde láàárín àwọn alàgbà. "Gbé e sílẹ̀! O mọ̀ ọ́n ta nílé, o wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú Ọlọ́run!" Ọmọ náà rọra gbé gìtá sílẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Nígbà tó fi máa di Túsìdeè, ó ti wà ní Ìsẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Waheedat." Mọ́ládé ló wọlé tó ń kí Ràsáàkì, báàgì ń bẹ léjìká rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì."

"Mọ́ládé," bàbá rẹ̀ wí, "ǹjẹ́ o mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni àbúrò rẹ fi ń ta gìtá?"

Mọ́ládé wo Ràsáàkì, ó wo ara gìtá.

"Mo mọ̀, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Kí lẹ rò pé wọ́n ṣe ń fi gbogbo ohùn kí yín káàbọ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni pé Mẹ́kà lẹ ti ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára. Àṣé ọmọ ni ìyá ń fi igbe yẹn kìlọ̀ fún. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ni ìbá sọ ọ́, bàbá mi? Ta ló fẹ́ kí wọ́n tún so ọwọ́ ẹ̀?"

Ràsáàkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ìṣó tí kò jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní: "Tíṣà, ọkọ̀ ò ní dúró de Nọ́ọ̀sì. Mo ti gé ike tuntun. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù á mú un kíákíá, wọ́n á gbé e lọ. Àmọ́ apá kejì yìí ti jìn. Mo ní láti fi lẹ́búlẹ́bú pákó dí i, kí n lẹ ike lé e, kí n sì gbé òkúta lé e di ìdájí."

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó wà," Mọ́ládé wí. "Ó sàn ju kí n lọ lọ́wọ́ òfo."

Tíṣà mú ike tuntun náà, ó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé. Bí gìtá bá dé Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ike tuntun ní apá ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ni Àdúràgbèmí máa gbọ́ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọ̀já ọjọ́sí náà ni.

"Lẹ̀ ẹ́ sí apá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn," ó wí.

"Kí wá ni kí n sọ fún un, sà?" Mọ́ládé bèèrè.

"Má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ ọ́."

"Ó lè má dá yín lóhùn o, bàbá mi."

"Mo mọ̀."

Mọ́ládé kúnlẹ̀ dágbére, ó sì lọ bá ọkọ̀.

Ràsáàkì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé òkúta lé e. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó gbé búútà rẹ̀, ó bọ́ síta. Tíṣà yọ fóònù. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, ṣọ́ ọ bọ̀; ó pa á rẹ́. Ó kọ òwe kan, ó pa òun náà rẹ́. Ìka tó fi ọdún márùndínlógójì di ẹfun mú ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fóònù. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè kó tó rí i kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà:

"Àdúràgbèmí, bàbá rẹ ni. Òní ni mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì lo fi ń ta gìtá nílé. Lọ́jọ́ ìkórè, mo rò pé o fẹ́ dójú tì mí ni. Òfin mi lo ń pa mọ́, tí o fi ń lo ọ̀tún. Èmi ni mo jẹ̀bi, ìwọ kọ́. A ti tún gìtá rẹ ṣe, apá ibi tí ọwọ́ rẹ ń kàn ni ike rẹ̀ wà báyìí. Mo fẹ́ bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, wí fún Mọ́ládé, màá gbé e fún un ní gáréèjì, màá sì padà. Bí o bá sì jáde wá, ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o fi gbà á lọ́wọ́ mi."