Mùsílímátù Kò Gun Ọlúmirin

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ẹ̀sìtéètì wọn ní Ìkòròdú títí di òní pé orókùn ló ń dun ìyá, pé òkè ló bà á lẹ́rù, òun ni kò fi gun Ọlúmirin. Irọ́ ni. Lọ́dún 2009 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Mùsílímátù. Ilé alájà mẹ́ta ló ń gbé pẹ̀lú Mutmainah ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ náà, lójoojúmọ́ ló sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá láìdúró mí lójú ọ̀nà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni; ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ohun tó dá a dúró lẹ́sẹ̀ òkè lọ́jọ́ náà kò sí nínú orókùn.

Fọlọ́runṣọ́, ọkọ Mutmainah, ló sanwó ìrìn-àjò náà. Òṣìṣẹ́ báńkì ni ní Erékùṣù Èkó, ẹni tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tó sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Kò hùwà burúkú sí ìyá ìyàwó rẹ̀ rí. Kúrúùsì ni ilé-iṣẹ́ tó ṣètò rẹ̀ pè é nínú bébà tí wọ́n pín kiri ẹ̀sìtéètì: ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀pẹ́ lọ wo omi Ọlúmirin tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n sì padà wá sùn sí Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò Fọlọ́runṣọ́, wọ́n sì gbéra ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira.

Ní Èbúté, wọ́n to ìlà níwájú tábìlì kan. Fọlọ́runṣọ́ fa àga fún ìyá.

"Mọ́mì, ẹ jókòó síbí. Ẹ má tolà kankan. Mo ti bá yín ṣe gbogbo ẹ̀."

"Kí lo bá mi ṣe?"

"Bébà lásán ni, Mọ́mì. Ti orúkọ ni."

Mùsílímátù dúpẹ́. Orúkọ kò ṣàjèjì sí i nínú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, bàbá náà kì í sì ti ọkọ̀ kúrò létí omi láìbi èrò kọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni, àdúgbò wo?" Bí ìjì bá dé, bí ọkọ̀ bá dojú dé, ọlọ́kọ̀ ni yóò rìn lọ sí ilé ẹni tó bá omi lọ fúnra rẹ̀, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Torí ìyẹn ni wọ́n fi ń gba orúkọ. Ó gbádùn ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n kọjá lọ́wọ́ Agbowa, ó ń fi ọwọ́ júwe fún Mutmainah ibi tí àwọn ń ju àwọ̀n sí nígbà èwe òun.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kí èèyàn tó rí omi náà ni etí ti ń gbọ́ ọ. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, omi náà ń já láti orí àpáta, funfun bí òwú, ìrì rẹ̀ sì ń fọ́n sí wọn lójú níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n ní ìpele méje ni òkè náà. Mùsílímátù wò ó títí dé ibi tí ojú tó. Ó fẹ́ gùn ún. Ó ti ra bàtà rọ́bà tuntun sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó sì ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó so ó mọ́ ìbàdí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, ẹni tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe olórí wọn, mú pátákó pẹlẹbẹ kan tó fi bébà há jáde. "Ẹni tí mo bá pe orúkọ ẹ̀ kó máa bọ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ iye ẹni tí mò ń kó lọ sókè."

Ó pe ọ̀pọ̀. Ó pe Fọlọ́runṣọ́, ó pe Mutmainah. Ó wá pe Mùsílímátù, ó sì na bébà sí i. "Màmá, ìka yín rèé. Ẹ máa kọjá."

Mùsílímátù wò ó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́. Níwájú orúkọ gbogbo èèyàn, wọ́n fi bírò fọwọ́ sí i, òmíràn rí róbótó, òmíràn rí gbọọrọ. Níwájú tirẹ̀ nìkan ni tàdáwà dúdú wà, ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ńlá kan.

"Ta ló ni àtàǹpàkò yìí?"

Fọlọ́runṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Tèmi ni, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi tàdáwà yí yín lọ́wọ́ lójú èrò."

"O mọ orúkọ ara rẹ kọ. Kí ló dé tó o fi tẹ̀ka sí tèmi?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo rò pé..."

"O rò pé kí ni?"

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń gbé, Fọlọ́runṣọ́ kò bi í rí bóyá ó mọ̀wé. Ó rí ìyá kan láti Ẹ̀pẹ́ tó ń ta ẹja yíyan nígbà kan rí, ó sì fúnra rẹ̀ pinnu pé kò mọ̀wé. Mùsílímátù náà kò sọ fún un. Kì í ṣe ẹni tó máa ń ròyìn ara rẹ̀.

Ó gba pátákó náà lọ́wọ́ Ògúnsànyà, ó gbé e jìnnà sójú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, bí ẹni ń ka ìwé níwájú olùkọ́. Nígbà tó dé ìlà keje, ó dúró, ó sọ ọ́ ní Yorùbá: "Bí mo bá farapa tàbí tí mo bá kú, nínú ọkọ̀ tàbí lórí òkè, èmi ni mo fà á. Èmi àti ẹbí mi kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ìbáà jẹ́ àìbìkítà ilé-iṣẹ́ ló fà á."

Obìnrin kan láti ẹ̀sìtéètì wọn, Ìbídùnní, tó máa ń pani lẹ́rìn-ín, pàtẹ́wọ́. "A ò mọ̀ pé lọ́yà la gbé sínú bọ́ọ̀sì. Màmá, ẹ wá bá mi ka ìwé ilẹ̀ mi tá a bá délé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù kò bá wọn rín in.

Ìgbà kejì nìyí tí wọn yóò fi tàdáwà mú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 1983, ni Síkírù ọkọ rẹ̀ kú sínú ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó máa fi kó yanrìn ti ń jò láti oṣù Kejì. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá náà ní kó mú agolo dání kó máa fi gbọ́n omi. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, tí àwọn ààfáà ṣì ń ṣàdúrà lọ́wọ́, akọ̀wé kan wá láti ibi iṣẹ́ náà. Ó ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn kú ni. Òun fúnra rẹ̀ ló di àtàǹpàkò opó náà mú, tó tì í bọ inú tàdáwà. Ó fún un ní ẹ̀dà kan. Mùsílímátù tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ohun tó kù nínú ọkọ rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ ilé-ìwé alẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Bó bá ti ibi ẹja yíyan dé, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n fún èéfín, yóò pọn Mutmainah sẹ́yìn, yóò gbé àtùpà rẹ̀, ó di kíláàsì. Ní ọdún kẹta ló jókòó ti ìwé náà pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè tó yá lọ́wọ́ olùkọ́. Ó kà níbẹ̀ pé Síkírù mu ẹmu yó, pé ó tú ọkọ̀ láìgbàṣẹ, pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àti pé ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́rìí sí i. Síkírù tí kò fi ẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ẹ pa á rẹ́," ni Mùsílímátù wí fún Ògúnsànyà.

"Màmá, gbogbo ayé ló ń sáìn ín. Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Oòrùn ń lọ."

"Bí kò bá sí nǹkan kan ńbẹ̀, kí lẹ fi ń gbà á?"

"Màmi," Mutmainah sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò."

Ó fa bírò yọ lápò Ògúnsànyà, ó fa ìlà sórí orúkọ ara rẹ̀ àti sórí ìka dúdú náà, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ó kọ déètì sí i.

"Ẹ ò lè gòkè mọ́ nìyẹn," ni Ògúnsànyà wí.

"Mo gbọ́."

Ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí àpáta kan. Àwọn tó kù di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Fọlọ́runṣọ́ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá wọn lọ. Mutmainah tẹ̀ lé e. Inú ń bí Mùsílímátù débi pé kò mọ ìgbà tí ìrì omi fi rẹ gèlè rẹ̀. Inú ń bí i sí Ògúnsànyà, inú ń bí i sí ọkọ ọmọ rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni pé omi náà dára, òun náà sì mọ̀ pé ó dára. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó fi ìka ẹsẹ̀ gbá òkúta. Ìbídùnní ní, "Màmá lọ́yà, ẹ pàdánù o." Láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, iwájú bọ́ọ̀sì ni Fọlọ́runṣọ́ jókòó sí, ó jìnnà sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n dé etí omi ní Ẹ̀pẹ́ láti wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, Ògúnsànyà ti ń dúró dè é pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun àti bírò.

"Ẹ ti mọ̀wé kọ, Màmá. Ẹ fọwọ́ ara yín sáìn ín. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé mi kò lè sí nínú ọkọ̀ mi."

Àwọn èrò ti jókòó. Awakọ̀ ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Fọlọ́runṣọ́, tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, fa ojú ro. "Mọ́mì, mo bẹ̀ yín. Mo ṣèèṣì. Ẹ ṣáà kọ ọ́ ká máa lọ sílé. Níbi iṣẹ́ wa, ogójì èèyàn ló ń sáìn irú ẹ̀ níwájú mi lójúmọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n kà?"

Mùsílímátù kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń bú ọ níléèwé pé ọ̀mùtí ni bàbá rẹ, o bi mí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Inú ìwé ni wọ́n ti rí i. Ìka mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní mo jẹ́rìí sí i." Ohùn rẹ̀ kò gòkè rárá. "Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́rìí èké sí ara mi láàyè."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ògúnsànyà ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, Fọlọ́runṣọ́ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

"Ẹ mú bébà yẹn wá," ó wí fún un.

"Tiyín ti wà ńbẹ̀, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ẹ mú un wá. Mi ò tíì kà á."

Ó dúró lórí pákó etí omi, ó ń kà á láti òkè. Ó pẹ́. Ìbídùnní na ọrùn láti inú ọkọ̀, kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Bọ̀dá, ẹ kà á sókè. Èmi náà ò kà á." Ẹlòmíràn ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí àwọn lè gbọ́ràn. Ó pa á.

Mùsílímátù kò dúró gbọ́ ọ. Òun ti kà á. Ó ti dé ibi tí bọ́ọ̀sì Agbowa, tó ń gba orí ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú, ti ń kó èrò kí Mutmainah tó sáré bá a, tó sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.