Orúkọ Mẹ́ta Lójú Kọ̀ǹpútà

Mùíbì kú sí Abidjan, àwọn tí kò fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí láyé wọn ló wá ń pín ohun tó fi sílẹ̀ ní Èjìgbò.

Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni Mùíbì ń ṣe. Ní Adjamé, àdúgbò rẹ̀ ní Abidjan, àwọn olówó a máa dúró dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀rù sì ń bà á kí ọnà ọwọ́ òun má lọ bá òun wọ ilẹ̀. Ló bá ra kọ̀ǹpútà fún Sàfúrátù ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ti tan án, àwòrán ọrùn agbádá á yọ, abẹ́rẹ́ pupa kan á dúró láàárín rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin wà lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ya ọfà sí lójú: ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Tẹ ọ̀kan, abẹ́rẹ́ á sún síbi tí ọfà kọjú sí, á sì fi òwú sílẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ á jókòó tì í, á máa sọ pé, "Ọ̀tún. Ọ̀tún. Ó tó. Máa bọ̀ nísàlẹ̀." Báyìí ni wọ́n ṣe kó gbogbo ọnà ọwọ́ Mùíbì sínú ẹ̀rọ náà kí ikú tó dé.

Ní 1997, Sàfúrátù gbé e wálé. Máòsì, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń tọ́ka lójú kọ̀ǹpútà, fọ́ sáàárín ẹrù lọ́nà. Kò dùn ún. Bọ́tìnnì ọfà ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń lò.

Bàbá Kàsímù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: ogún ni kọ̀ǹpútà, Múrítàlá ọmọ òun tó ń kàwé n'Ìbàdàn ló sì yẹ. Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí.

"Ó dáa," ni Bàbá Kàsímù wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, wá fi hàn wá. Tí a bá rí i pé iṣẹ́ Mùíbì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ó di tìẹ. Tí a ò bá rí i, Múrítàlá á wá gbé e."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàrákátù ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn. "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n á kàn jókòó ni, tí wàá sì gbé ọrùn agbádá kò wọ́n lójú? O ò ní kọ́kọ́ kí àwọn bàbá ẹ?"

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ṣe àpótí kékeré kan sókè ojú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́, ó kọ "Bàbá Kàsímù" sí i. Tí wọ́n bá fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́, ìkíni á jáde.

"Bàbá Ádámù ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. "Bàbá Àjàmú ńkọ́? Ṣé o fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni?"

Àpótí di mẹ́ta, ọ̀kan fún àgbà ẹbí bàbá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dára lójú. Ó fẹ́ tún abẹ́rẹ́ dán wò ni NEPA mú iná lọ, ó di àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó dá a padà.

Àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún pálọ̀ nígbà yẹn. Sàfúrátù tan kọ̀ǹpútà. Bí Bàbá Ádámù, tóun náà ti gbé Abidjan rí, ṣe rí orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ah, c'est bien, ó dára! Èmi nìyẹn!"

Inú Sàfúrátù dùn. Ó tẹ ọfà ọ̀tún.

Abẹ́rẹ́ kò mira. Ìlà tín-ín-rín tó yí orúkọ Bàbá Kàsímù ká ló ṣí kúrò, ó lọ yí ti Bàbá Ádámù ká. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìlà fò sórí Bàbá Àjàmú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó padà sórí Bàbá Kàsímù. Ó tẹ òkè, ó tẹ ìsàlẹ̀, ìlà náà ń fò láti orí orúkọ kan bọ́ sórí òmíràn.

"Kí ló ń wá kiri lórí wa?" ni Bàbá Àjàmú béèrè.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bàbá Ádámù. "Òkú ló ni ẹ̀rọ yìí o. Àbí ẹni tó kàn ló ń yàn?"

"Aúsù bílàhi!" Bàbá Kàsímù ti dìde. "Orí mi ló dúró sí yìí!"

Ìgbà náà ló yé Sàfúrátù. Àpótí tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń gba ọfà. Nígbà tí kò sí àpótí, tààrà ni ọfà ń lọ bá abẹ́rẹ́. Ní báyìí tó ti to àwọn bàbá síwájú, àwọn bàbá ló ń gbà á, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe ju kí wọ́n máa tì í síra wọn lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n yọ orúkọ yín kúrò, ẹ ó rí i pé—"

"Yọ wá kúrò kẹ̀?" Bàbá Kàsímù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bàbá Àjàmú fa wáyà yọ lára ògiri.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Wọ́n ní kí Múrítàlá wá gbé e, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni, á mọ bí wọ́n ṣe ń kápá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yan òkú láàárín àwọn bàbá kò ní yan ọmọ wọn, àbí?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Sàfúrátù ki wáyà bọ ògiri padà. Ó pa àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ó tẹ ọfà ọ̀tún, abẹ́rẹ́ sún, òwú tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún.

"Èmi ni mo fà á. Lọ pè wọ́n, kí wọ́n wá wò ó."

Sàfúrátù lọ. Bàbá Kàsímù rán ẹnì kan jáde sí i pé òun ń sùn. Ó padà wálé tìbínú-tìbínú. Ó da ọnà bàbá rẹ̀ sínú díìsìkì pẹlẹbẹ kan, kò sì mọ ilé kankan ní Èjìgbò tó ní kọ̀ǹpútà tó ti lè ṣí i.

Ọjọ́ tí Múrítàlá dé, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá géèmù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé e sínú mọ́tò, Bàbá Kàsímù sì dúró lókèèrè.

"Sàfúrátù, ṣé orúkọ mi ṣì wà nínú nǹkan yẹn?"

"Rárá, Bàbá. Mo ti yọ ọ́."

"Alihamudulilai."

"Àtìgbà tí mo ti yọ ọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Kàsímù wí, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀ pé kó rọra máa wakọ̀, kí ẹ̀rọ náà má bàa fọ́.