Àdúrà Létí Gìtá

Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rín ti ń pa Adéọlá láìnídìí. Ọjọ́ ìkórè pé, òun gan-an ni yóò sì ta gìtá oníná fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Sẹ̀lẹ́ wọn ní àdúgbò Dowa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jó wọ balùwẹ̀, ó jó jáde wá mú ọṣẹ tó gbàgbé. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni o, kì í ṣe ọmọdé.

Ohun kan ló kù. Òjò tó ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà ti mú kí ọrùn gìtá tẹ̀, okùn wá ga sókè, ohùn sì ń yà. Augustin, olórí akọrin, kò fi bò: bí ohùn bá tún yà lónìí bíi ti ìgbà ìdánrawò, Ghislain, akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló máa gba gìtá.

Adéọlá ò fòyà. Irin kan wà nínú ọrùn gìtá tó ń bá okùn du ọrùn náà kó má bàa tẹ̀. Èèyàn á ki kọ́kọ́rọ́ kékeré onígun mẹ́fà bọ ihò tó wà lókè, á yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, ọrùn á nà. Ó ti ṣe é rí. Ó dẹ okùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kò wọlé. Ó tún kì í, ó yọ̀ bọ̀rọ́.

Bí orí irin náà bá ti jẹ, tí kò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́, a jẹ́ pé Ghislain ti gba gìtá nìyẹn. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yọjú wo inú ihò. Ó funfun. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rá àbẹ́là ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ná."

Ìyá rẹ̀ wọlé nínú sùtánà funfun. Obìnrin yìí kan náà ló ti fi ọdún kan pariwo pé gìtá kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.

"Ta ló da àbẹ́là sínú gìtá mi?"

"Mi ò dà á. Ó kán sí i ni. Mo ń gbàdúrà fún un."

"Nínú ihò?"

"Mo rò pé etí ẹ̀ ni. Ibo lo fẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ sí, ìdí ẹ̀?"

Adéọlá ṣubú sórí ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá fajú ro díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín gbé òun náà lọ, fìlà rẹ̀ já bọ́. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n fi tan gáàsì. Ìyá ń mú kọ́kọ́rọ́ gbóná lórí iná, Adéọlá ń kì í bọ ihò, ọ̀rá ń yọ́, wọ́n ń fi àkísà nù ún, títí kọ́kọ́rọ́ fi wọlé ṣinṣin. Ó yí i díẹ̀, ó fi ojú kan wo gígùn ọrùn náà, ó tún yí i díẹ̀ sí i. Ó fa okùn le padà, ó ta á. Ohùn náà mọ́ gaara.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ìyá wí, bí ẹni pé òun ló tún un ṣe.

"Kí lẹ tiẹ̀ sọ fún un? Ṣé kó má dún, kí n lè padà sídìí orin kíkọ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Ìyá mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n.

"Mo ní òun ni nǹkan tí ọmọ mi fẹ́ràn jù láyé. Mo ní kó má dójú tì ọ́."

Kí Adéọlá tó dìde, ìyá ti gbé gìtá kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó ti bọ́ síta láìwọ bàtà, ó ń sọ fún gbogbo ojú ọ̀nà pé kí wọ́n yà, ọmọ òun ń bọ̀ wá ta gìtá.