Bí Mo Ṣe Rẹ́ Lánlọ́ọ̀dù Mọ́ Ilẹ̀ Ilé Ìwẹ̀

Àǹtí mi, ẹ jókòó kí n rọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá fún yín kí n tó gbàgbé. Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wa tó jẹrà lábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tó jìn mọ́ màmá wa lẹ́sẹ̀ tí itan wọn fi kán. Gbogbo ohun tí lánlọ́ọ̀dù rí sọ ni pé, "Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́."

Lójú àlá, òun fúnra rẹ̀ ló wá tún un ṣe, tòun ti agbádá funfun. Bó ṣe gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì kúrò ni ilẹ̀ gbé e mì dé àyà. Mo po sìmẹ́ǹtì, mo dà á yí i ká, mo sì ń fi ṣíbí bíríkìlà rẹ́ ẹ kó lè dán.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ ṣàánú mi, ó ti ń le mọ́ mi lára."

Mo ní, "Ẹ máa rọra mí, Bàbá."

Inú mi ń dùn, Àǹtí, kí n má parọ́ fún yín. Màmá wa rìn wọlé, ẹsẹ̀ wọn ti jinná, wọ́n gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà dé e lórí bíi fìlà. Mo to táìsì dé ọrùn rẹ̀, ó wá ku ẹyọ kan.

Màmá nawọ́ sí ẹnu rẹ̀, wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn ṣì ṣí sílẹ̀."

Mo gbé táìsì náà, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ni ohùn màmá láti yàrá kejì bá jí mi, pé kí n wá gbé àwọn lọ tọ̀.