Ọjọ́ Kẹjọ fún Ewé Inú Ìgò

Ọdún kẹrin rèé tí Àbẹ̀bí ti ń tọ́ òdòdó inú ìgò ní oko ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Adakplamè. Ewé tín-ín-tìn-ín ni wọ́n, inú ìgò ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti mú wọn hù, wọn kò rí oòrùn rí, wọn kò mọ afẹ́fẹ́. Inú ìkòkò kéékèèké lábẹ́ ọ̀rá tó kún fún ìrì ni Àbẹ̀bí ń kó wọn sí, kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ wọ́n pa. Lọ́sẹ̀ kejì, yóò dá ihò kékeré lu ọ̀rá náà, yóò sì máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn débẹ̀.

Ni ọ̀gá wọn, Kámáráàdì Lábọ̀dé, bá kéde pé ẹnì kan yóò lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Kúbà. Ó ní Wùmí ni, bí igba ewé tí òun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ bá yè. Wùmí ọmọ Okpomèta, tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà lóko, tí Àbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ gbòǹgbò! Torí pé ó lè ka Faransé.

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ń là. Wùmí wá béèrè ọjọ́ tí òun yóò ṣí ọ̀rá.

Àbẹ̀bí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjọ́ kẹjọ la ń kó ọmọ jáde. Ká gbogbo ọ̀rá náà kúrò láàárọ̀, kí wọ́n rójú ayé."

Ọ̀rọ̀ náà bá Wùmí lára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, àgbà tí ó ń pè ní Tàntí, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, kò sì ní purọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Wùmí wẹ̀, ó ró ìró tó mọ́, ó ká ọ̀rá. Kó tó di ọ̀sán, ewé ti rọ, wọ́n ti ń sùn lé ilẹ̀ inú ìkòkò. Àbẹ̀bí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá wọ́n omi sí wọn, tí wọ́n dá ọ̀rá padà kíákíá, ìdajì ṣì lè yè. Ó lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ewé náà ti kú. Lábọ̀dé pe Wùmí ní ọ̀tá ìyípadà tí ìjọba gbé dé, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó lé e lọ. Orúkọ Àbẹ̀bí ló kọ sílẹ̀ fún Kúbà. Wùmí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Àbẹ̀bí.

"Tàntí, gbogbo ohun tí ẹ wí ni mo ṣe. Kí ni mo gbàgbé?"

Ìkà obìnrin yìí ìbá dákẹ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"O kò da omi sórí òrùlé kó kán sí wọn lára, bí a ti ń ṣe fún ọmọ ọjọ́ kẹjọ."

Wùmí káwọ́ lérí, ó ní òótọ́ ni. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, ó dúpẹ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́ òun, ó gbẹ́rù, ó forí lé Okpomèta.