Àwọn Ìjímèrè Alajue

Zulfah ń rán aṣọ ní Ẹdẹ, orí fóònù nìkan ló sì ti ń rí ẹranko igbó. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ bá Bàbá Bùràímọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń dá oko àgbàdo létí igbó ní Alajue.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Zulfah dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde.

“Bàbá, ṣé wọ́n máa wá báyìí?”

“Fara balẹ̀, ọmọ mi.”

Nígbà tó yá, ewé mì. Ìjímèrè méje bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan gbé ọmọ mọ́ àyà. Inú Zulfah dùn títí ó fi rí i pé àgbàdo Bàbá ni wọ́n ń ya jẹ.

“Bàbá, wọ́n ń ba oko yín jẹ́!”

“Mo rí wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń lé wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní o fẹ́ rí wọn.”

Zulfah kò lè mú un mọ́ra. Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó pariwo, ó sì sáré lé wọn títí gbogbo wọn fi wọgbó.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.